Gẹ̀ẹ́sì Ìyàwó Ilé

Nígbà tí wọ́n gbé mi níyàwó láti Kétu wá sí Ṣábẹ, àpótí aṣọ kan ni mo gbé wọlé, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tí kò tíì jinná. Mo fẹ́ lọ ṣe kọ̀ǹkúùr ní Àjàṣẹ́, ìdánwò tí wọ́n fi ń gba olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì síṣẹ́. Bí mo bá yege, èmi náà á ní iṣẹ́ tèmi. Ṣùgbọ́n Bàbá ọkọ mi ni yóò sọ bóyá màá lọ, nítorí nílé yẹn, adìyẹ tó bá fẹ́ yé ẹyin pàápàá á kọ́kọ́ wojú Bàbá.

Ibi tó le jù fún mi nínú ẹ̀kọ́ náà ni gbólóhùn tí wọ́n fi ń júwe ènìyàn: ọkùnrin tó ṣe báyìí, obìnrin tí ọmọ rẹ̀ ṣe tọ̀hún. Gbogbo àpẹẹrẹ inú ìwé mi ló dá lórí dókítà kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ní ajá. N ò mọ dókítà, n ò mọ ajá. Mo bá yíjú sí àgbàlá.

Ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ. Ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí ṣáájú kí o tó wọlé, ọkọ rẹ ni. O gbọ́dọ̀ wá orúkọ dídùn fún un. Mo ti ní Akọ̀wé, mo ti ní Adúmáadán. Ṣùgbọ́n orúkọ dídùn kò lè gba gbogbo ohun tí ojú mi ń rí. Gẹ̀ẹ́sì gbà á.

Bí mo bá ń bẹ ẹ̀gẹ́, màá máa ké e sókè: ọkùnrin tó ń sùn lábẹ́ máńgòrò nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń roko iṣu. Obìnrin tó yá ìkòkò mi, tí ìkòkò náà kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mò ń fọ ṣòkòtò rẹ̀, tó ní n kì í ṣe nǹkan kan. Ọkàn mi á rọ̀ wọ̀ọ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ń pè ní àngílé, nínú wọn. Ó tilẹ̀ dùn mọ́ Bàbá débi pé á fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi, á ní, “Ìyàwó, tún èyí tó gùn yẹn sọ.” Màá tún ti oorun sọ. Á máa mi orí títí oorun á fi gbé e lọ.

Lọ́jọ́ kan ni ìbátan Bàbá kan wá láti Ṣakí, àgbàlagbà tó ti ṣiṣẹ́ ọba ní Nàìjíríà. Bàbá kó gbogbo ilé jọ.

“Ìyàwó wa fẹ́ lọ ṣe kọ̀ǹkúùr àngílé. Ẹ gbọ́ ọ wò. Bó bá jẹ́ àngílé gidi, kó máa lọ. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ó ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún un. Ìyàwó, sọ èyí tó gùn yẹn.”

Mo wá dókítà Lọ́ńdọ̀nù lọ́kàn mi, òun àti ajá rẹ̀ ti sá lọ. Ohun tó mọ́ ẹnu lára ni ẹnu ń sọ. Mo sọ ti oorun. Mo sọ ti ìkòkò. Mo sọ ti ṣòkòtò.

Àlejò wo máńgòrò, ó wo àga Bàbá tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó wúkọ́.

“Kí ló wí?” ni Bàbá bi í.

“Àngílé gidi ni. Ó ní bàbá kan ṣiṣẹ́ títí, ó wá ń sinmi, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń tọ́jú oko rẹ̀.”

“Ìyókù ńkọ́?”

“Ìfẹ́ àárín ẹbí ni ìyókù.”

Bàbá pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tí ìkòkò mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́ ju Bàbá lọ. Wọ́n ní kí n máa lọ sí Àjàṣẹ́. Mo kúnlẹ̀, inú mi dùn débi pé n kò tètè lè dìde.

Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n gbé wá láti Kaboua nígbà èwe rẹ̀, tí kò ka ìwé kankan rí, tẹ̀ lé mi dé ibi ìdáná. Ó rọra ń ro ọbẹ̀.

“Ọkùnrin tó ń sùn yẹn,” ó ní, “tó o bá dé Àjàṣẹ́, sọ fún wọn pé ó tún máa ń hanrun.”

Mo yíjú sí i. “Ìyá, ṣé ẹ gbọ́ àngílé ni?”

“Rárá o. Èmi náà ṣe ìyàwó nílé yìí.”