Lẹ́tà Bàbá Mi àti Orin Inú Tẹlifíṣọ̀n

Kékeré ni mo wà nígbà tí mo di akàwé ilé wa ní Mowe. Aránṣọ ni màmá mi, wọn kò sì mọ ìwé rárá. Okùn ni wọ́n fi ń wọn àwọn oníbàárà wọn. Wọ́n á gé okùn kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ta kókó sí ibi tí àyà dé, wọ́n á tún ta òmíràn sí ibi tí ìbàdí dé, aṣọ ẹnikẹ́ni kì í sì í fún jù. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ kò lè ṣírò nǹkan láìfi fóònù ṣe é, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Orí màmá mi pé ju tiyín lọ.

Bí bébà bá wọlé, ìbáà ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì, ìbáà ṣe ti iná mànàmáná, èmi ni wọ́n á pè. Mo máa ń ṣe fọ́ńté bí ọ̀gá ilé-ìwé. Bàbá mi ń wakọ̀ ní Òkè Ọya nígbà náà, awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn kan ló sì ń bá wọn mú lẹ́tà wá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí lọ́jọ́ tí mo ṣí ọ̀kan tí mo rí i kà pé: "Mo ti fẹ́ ẹlòmíràn níbí, ó sì ti bímọ. Má ṣe dúró dè mí mọ́."

Màmá mi jókòó síwájú mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń retí ọ̀rọ̀ ọkọ wọn. Ẹnu mi kò gbà á. Mo kà á pé bàbá ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé tó bá di Kérésì, àwọn á dé. Wọ́n ká lẹ́tà náà, wọ́n fi í sínú Bíbélì tí wọn kò lè kà.

Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin tó wà ní Ìfọ̀ fẹ́ fún wọn ní yàrá kan àti ṣọ́ọ̀bù lójú títì, kí a lè kúrò nínú ilé tí bàbá mi kò tíì parí, tí òjò ń wọ̀. Màmá mi kọ̀. Wọ́n ní ọkọ àwọn ń bọ̀ wá parí ilé. Lẹ́tà kejì dé, ó ń béèrè bóyá a ti kó lọ. Mo kà á pé ọkọ̀ ló bàjẹ́. Báyìí ni Kérésì méjì ṣe kọjá.

Àsìkò yẹn ni ètò orin ìyìn kan bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ọ̀rọ̀ orin ń hàn nísàlẹ̀, èyí tí akọrin bá sì dé orí rẹ̀ á di pupa. Màmá mi ti mọ àwọn orin náà lórí láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnu wọn mọ ọ̀nà, ojú wọn kàn ń tẹ̀lé e ni. Láàárín oṣù díẹ̀, wọ́n ń nàka sí "àánú", wọ́n ń nàka sí "ìyè", àwọn ará ilé ń pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ni àyà mi ń já.

Ohun tí mo wá ṣe ṣì ń tì mí lójú. Mo yí òpó ántẹ́nà tó wà lẹ́yìn fèrèsé, àwòrán sì dàrú pátápátá. Màmá mi kò jà. Wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn, wọ́n lọ ń wò ó ní ilé Alhaja tó múlé gbè wá. Alhaja mọ kéwú kà dáadáa, àmọ́ wọn kò mọ ábídí, ni àwọn náà bá ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ orin. Wọ́n ní orin lè ní ẹ̀sìn, ábídí kò ní. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, màmá mi mú lẹ́tà àkọ́kọ́ jáde, wọ́n ní kí n tún un kà. Mo ka ti Kérésì bí mo ṣe máa ń kà á. Wọ́n jẹ́ kí n parí.

"Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń wá Kérésì nínú ìwé yìí," wọ́n ní. "Mi ò rí i. 'Má ṣe dúró dè mí mọ́' ni mo rí."

Mo kúnlẹ̀, mo ń sunkún. "Ẹ̀rù ló bà mí, mà. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ bara jẹ́ ni."

"Mo mọ̀. Ọdún méjì mi wá ńkọ́?"

Wọn kò nà mí. Ì bá sàn kí wọ́n nà mí. Nígbà tí a dé Ìfọ̀, ẹ̀gbọ́n wọn ti fún ẹlòmíràn ní ṣọ́ọ̀bù náà. Abẹ́ igi ni màmá mi ti ń ránṣọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nínú oòrùn, nínú ọyẹ́, mo sì ń wò wọ́n.

Ayé ti yí padà. Orin wo ni kì í gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde lórí fóònù yín báyìí? Ẹ kì í tilẹ̀ wò ó. Màmá mi kàwé títí ojú wọn fi di bàìbàì. Wọ́n fẹ́ràn mi, n kò ṣiyèméjì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí n bá wọn ka ìwé tí dókítà kọ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀, pé ọ̀kan nínú yín á kà á tí ẹ bá ti ilé-ìwé dé.