Ìyábọ̀ Sùn Mọ́jú

Aṣọ ìbora ló ń mì. Mo rò pé ọmọ ti jí ni, mo dìde kí n gbé e. Ojú rẹ̀ dì, ó ń mí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń lọ lábẹ́ aṣọ bí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ gun òkè. Mo fọwọ́ lé orúnkún rẹ̀, ẹsẹ̀ dúró. Mo gbé ọwọ́ kúrò, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi figbe ta. Mo mọ̀ lọ́kàn mi pé èyí kì í ṣe ìwà ọmọdé lásán. N kò mọ ohun tó jẹ́.

Ìyábọ̀ ni ọmọ-ọmọ mi. Ó ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún méjì nígbà náà. Ìyàwó mi kú kí wọ́n tó bí i, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ́ orúkọ yẹn. Bùnmi, ìyá rẹ̀, ni ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń kọ́, ó sì kù díẹ̀ kó parí. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí ọ̀nà Scotland, ìparí ọ̀sẹ̀ nìkan la máa ń rí i. Gbogbo wa jọ ń gbé nítòsí Parsloes Park nílùú òyìnbó níbí, èmi àti Bùnmi la sì ń gba ọmọ lọ́wọ́ ara wa.

Ọmọ náà kì í sùn. Yóò sùn lọ, yóò jí, yóò ké, yóò tún sùn lọ, títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bùnmi gbẹ. Lọ́jọ́ kan ó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Chadwell Heath láti lọ ṣe ìdánwò, oorun gbé e lọ lórí ìjókòó, ìgbà tó fi máa jí, ọkọ̀ ti kọjá ibi tó ń lọ jìnnà. Ìdánwò yẹn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó dé, kò bọ́ kóòtù.

"Dádì, mi ò lè ṣe é mọ́. Màmá Abẹ́òkúta ní kí n gbé e wá."

Ìyá ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Mo ní, "Nígbà wo?"

"Tá a bá ti gba ìsinmi. Tí kò bá tíì máa sùn nígbà yẹn. Tí mo bá parí ẹ̀kọ́ mi, màá lọ gbé e."

Obìnrin dáadáa ni ìyá náà. N kò lè sọ pé kó má gbé e lọ. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé yẹn ti dákẹ́ mọ́ mi lórí rí, lẹ́yìn tí ìyàwó mi lọ. N kò fẹ́ kó tún dákẹ́.

Oníkálukú ló ní ìmọ̀ràn tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń bẹ àwọn ọmọdé wò ní ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, yóò kọjá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Becontree Heath, ìyá kan tó wọ aṣọ funfun bíi tèmi dì mọ́ ọmọ náà, ó ní, "Ìyàwó yín ló padà wá o, kò tíì mojú ilé ni. Ẹ ṣáà máa fún un ní mílíìkì, ọmọ tó bá yó á sùn." A gba ti mílíìkì. Bó bá ti jí, ìgò kan. Bó bá tún jí, òmíràn.

Ata rodo ni mo lọ rà ní High Road, Chadwell Heath, lọ́jọ́ tí mo pàdé Ìyáàfin Hansa. Ìyábọ̀ wà nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ, ó ń ké. Mo sanwó, mo ti jáde, nígbà tí obìnrin kan sáré tẹ̀ lé mi.

"Bhai, ọmọ yìí kì í sùn."

Bhai ni wọ́n ń pe arákùnrin lọ́dọ̀ tiwọn ní Íńdíà. Mo ní, "Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ẹ̀yin náà kì í sùn. Ẹ sanwó ata, ẹ wá fi ata sílẹ̀." Ó na ọ̀rá ata sí mi.

Yàrá kékeré kan ló ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà. Ibẹ̀ ló ti ń ṣe ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní Áyúrífédà, ìmọ̀ ìlera àtijọ́ ti àwọn ará Íńdíà. Ó kọ́ ọ níléèwé lọ́hùn-ún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ṣàlàyé fún mi pé lójú tiwọn, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ lára ọmọ tí kò rójú sùn: ara rẹ̀ gbẹ, ó ń sáré, kò ríbi dúró. Ooru, òróró àti ohun kan náà ṣíṣe nírọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń mú un balẹ̀. Mo bi í bóyá ó ní àgúnmu tí ọmọ lè mu. Ojú rẹ̀ yí padà. "Fún ọmọ yìí? Rárá o. Èmi kì í fún ọmọ kékeré ní ohun tí yóò gbé mì. Ẹ má sì rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òmíràn ní òjé nínú, májèlé sì ni." Òróró yànmọ̀tí nìkan ló fún mi, ìgò kan. Ó ní kí n máa fi pa ọmọ lára kó tó sùn.

Mo ṣe bó ṣe wí, tàbí kí n ní mo rò bẹ́ẹ̀. Kí n má purọ́, mo kọ́kọ́ gbé òróró náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a gbàdúrà sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo padà lọ bá a pẹ̀lú ọmọ.

"Kò ṣiṣẹ́."

"Ẹ ṣe é kí n rí i."

Mo ti ìka kan bọ òróró, mo fi sàmì àgbélébùú sí Ìyábọ̀ níwájú orí, mo kán an sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo ṣe àmín. Ìyáàfin Hansa wo ọmọ, ó wo ìgò tó ṣì kún dé ọrùn, ó wò mí.

"Ó tán?"

"Ó tán."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Bhai! Ṣé ẹ fẹ́ kó sùn ni, àbí ẹ fẹ́ fi í jọba?"

Èmi náà bú sẹ́rìn-ín. Ìyábọ̀ rí wa, ó pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ará ìjọ wa, ẹ ó mọ̀ pé ẹ̀bi mi kọ́: lọ́dọ̀ wa, ẹ̀kán òróró kan tó fún gbogbo ara. Ìyàwó mi ìbá mọ̀ ọ́n ṣe. Nílé, bí àwọn ìyá bá ń fi omi gbígbóná àti òrí na ọmọ, wọ́n máa ń lé àwa ọkùnrin síta ni.

Ó tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, ó ní kí n kúnlẹ̀. Ó gbé ìgò òróró sínú abọ́ omi gbígbóná, ó kọ́kọ́ kán an sí ọrùn ọwọ́ mi kí n mọ̀ bóyá ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọwọ́ mi le nítorí páálí tí mò ń gbé ní ilé ìkẹ́rùsí. Ó ní kò burú, kí n ṣáà fi wọ́n ra ara wọn títí wọn yóò fi gbóná. Àtẹ́lẹwọ́ ni, kì í ṣe ìka. Kí n fà á gùn lórí apá àti itan, kí n yí i po lórí orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́, kí n rọra yí ikùn bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ. Bí mo ṣe dé ẹsẹ̀, Ìyábọ̀ dákẹ́ pátápátá, ojú rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Mo gbé ọwọ́ kúrò. Ẹsẹ̀ tún gbéra, ó ń ta.

Ìyáàfin Hansa kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ṣé bó ṣe ń ṣe lóru nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó rọra fa abẹ́ ojú ọmọ sílẹ̀, ó wò ó, ó ní kí èmi náà wò ó. Ibi tó yẹ kó pupa ló funfun. "Òróró mi kò lè dé ibẹ̀ yẹn. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má kàn sọ pé kò sùn. Ẹ sọ ti ẹsẹ̀."

Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, ẹ̀yin tí ẹ ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé. A ti dé ọ̀dọ̀ dókítà tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ oorun nìkan la sọ. Nígbà tí mo sọ ti ẹsẹ̀, dókítà gbé ojú kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ó bi mí ní mílíìkì mélòó ló ń mu. Mo sọ fún un. Ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Nílé ìwòsàn, a jókòó pẹ́. Wọ́n fi ìpara kan kùn ún níbi ìgbọ̀nwọ́ kí awọ ibẹ̀ má bàa mọ abẹ́rẹ́ lára púpọ̀, a sì ní láti dúró kó ṣiṣẹ́. Ìyábọ̀ ń ké, kò sí ibi tí mo fẹ́ gbé e gbà. Mo tú sikáàfù mi, mo fi pọ̀n ọ́n, mo ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín àwọn ìyá. Wọ́n ń wò mí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò. Abẹ́rẹ́ náà dùn ún. Èmi ni mo di apá rẹ̀ mú, ó sì wo ojú mi bí ẹni pé mo da òun.

Èsì rèé: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Irin wà nínú oúnjẹ, òun ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa, ara sì máa ń tọ́jú díẹ̀ pamọ́. Ohun ìpamọ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní fẹ́rítìn. Ti Ìyábọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí irin bá tán, ẹsẹ̀ ọmọ lè má rójú lóru. Yóò máa rìn ín, yóò máa ta, ọmọ kò sì lè sọ ọ́. Mílíìkì tí a ń fún un kí ó lè sùn ló ń gba àyè oúnjẹ lára rẹ̀. Dókítà kò dá wa lẹ́bi. Ó ní ọ̀pọ̀ ilé ló ń ṣe é.

Wọ́n fún un ní oògùn olómi tí irin wà nínú rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù bí ìgbẹ́ ọmọ bá dúdú, oògùn náà ló ń fà á. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ le, ó ké nídìí pó. A fún un ní omi ọsàn, a bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹran lílọ̀. Mílíìkì di kọ́ọ̀pù kékeré lọ́sàn-án. Ó bá wa jà lórí ìgò yẹn! Nírọ̀lẹ́, oúnjẹ ní kùtùkùtù, ìwẹ̀ pẹ̀lú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, òróró, iná rírẹlẹ̀. Mo sọ fún dókítà pé mò ń fi òróró pa á, ó ní kí n máa bá a lọ.

Kò yí padà lọ́jọ́ kan. Iye ìgbà tó ń jí lóru ń dín kù, lẹ́yìn náà ó di ẹ̀ẹ̀kan péré. Ìsinmi ń bọ̀, Bùnmi ti gbé àpótí kékeré kan sílẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. N kò wo àpótí yẹn.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, oòrùn ló jí mi. Oòrùn! Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, n kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ilé parọ́rọ́. Mo sáré wọ yàrá ọmọ, Bùnmi ti wà níbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ sí imú ọmọ rẹ̀.

"Ó ń mí," ló wí.

"Ó jí lóru?"

"Mi ò gbọ́. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"N kò gbọ́."

"Dádì, ó sùn mọ́jú!"

"Rọra sọ̀rọ̀."

"Ó sùn mọ́jú o! Jéésù!" Ó dì mọ́ mi lọ́rùn, ó ń fò sókè, èmi àgbà náà ń fò. Ìró wa ló jí ọmọ. Ó wò wá, ó ní, "Ẹyin." Ẹyin adìẹ ló ń béèrè. Ó jẹ méjì.

Ó tún ṣe é lọ́jọ́ kejì, ó sì di àṣà rẹ̀. Bùnmi tún ìdánwò rẹ̀ ṣe, ó yege. Ó pe Abẹ́òkúta, ó fi fóònù sí gbangba kí n lè gbọ́.

"Màmá, ẹ má bínú. A ò gbé e wá mọ́. Ó ti ń sùn."

"Háà! Èmi tí mo ti ra bẹ́ẹ̀dì ọmọdé! Kí lẹ lò?"

"Oògùn irin ni mà, àti òróró yànmọ̀tí. Dádì ló ń fi pa á."

"Bàbá yín? Ọkùnrin?" Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ó dáa. Ẹ fi òróró náà ránṣẹ́ sí mi. Orúnkún èmi náà kì í jẹ́ kí n sùn."

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ díẹ̀ la máa ń lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Irin ti padà sípò. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí èwo ló wò ó sàn, oògùn ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe òróró, n kì bá tí fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́ tó láti mọ ohun tí ara rẹ̀ ń sọ. Ọmọ kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ara rẹ̀ ní, ọwọ́ la fi ń gbọ́ ọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin tó mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ parí sí.

Wàhálà tuntun ti dé báyìí. Agbára ti pọ̀ lára rẹ̀ jù. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, yóò ti dé ẹnu ọ̀nà mi, yóò fa aṣọ kúrò lára mi, yóò ní, "Bàbá, dìde! Ilẹ̀ ti mọ́!" Oorun ṣì ń kùn mí. Mo máa ń dìde.