Kótókú àti Ẹ̀rọ Tó Ń Kí Adájọ́

Ọjọ́ tí láptọ́ọ̀pù lé adájọ́ dìde lórí àga ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń sọ bí wọ́n bá dárúkọ Kótókú. Adájọ́ ń gbọ́ ẹjọ́ ọkùnrin kan tí wọ́n ní ó mọ odi wọ ilẹ̀ aládùúgbò rẹ̀. Gbogbo kóòtù pa lọ́lọ́, àfi fáànù tó ń yí lẹ́yìn adájọ́. Ni ohùn ọkùnrin kan bá bú jáde lórí tábìlì akọ̀wé: "Ìwọ yìí, dìde ńbẹ̀! Ṣé o ti di òkúta ni? Dìde, kó o lọ wá iná."

Adájọ́ dìde. Bóyá bàbá rẹ̀ ló rántí, bóyá olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́, a ò mọ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé tí adájọ́ bá ti dìde, ìjókòó ọjọ́ yẹn ti parí nìyẹn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí ṣe sí i. Ọlọ́pàá kóòtù ní kí gbogbo èèyàn dìde, àwọn agbẹjọ́rò tẹrí ba, olùjẹ́jọ́ sì mú fìlà rẹ̀, ó gba ilé lọ kí wọ́n tó yí ọkàn padà.

Akọ̀wé tó ni láptọ́ọ̀pù náà ń wá ibi tí ilẹ̀ ti lanu kó kó sí i. Ó mọ ohùn yẹn. Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n yìí ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gun òpó tẹlifóònù kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tó kórìíra tó kí nǹkan kú láìsọ. "Kó tó kú, kó sọ̀rọ̀," ni yóò máa wí, ni àdúgbò bá sọ ọ́ ní Kótókú. Ó so agogo mọ́ táǹkì omi kó lè máa dún bí omi bá ń tán. Ó gbé sílíńdà gáàsì lé orí òṣùwọ̀n, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀ bí ọmọ jòjòló. Ìyàwó rẹ̀ ní ohun tó kù ni kó so agogo mọ́ òun náà lọ́rùn.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù kì í ṣe eré. Iṣẹ́ àbúrò rẹ̀ ni kó máa tẹ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ ní kóòtù. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, fáànù adájọ́ ló sì ni ín, nítorí náà bátìrì nìkan ló gbójú lé. Lóòótọ́, ẹ̀rọ máa ń fi àmì kékeré kan hàn ní igun ojú rẹ̀ tí bátìrì bá ń tán, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ni akọ̀wé ń wò. Bí ẹ̀rọ ṣe kú mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn, tí odindi ẹjọ́ kan bá a lọ. Ọ̀gá rẹ̀ ò pariwo. Ó kàn ní bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, kó lọ wá iṣẹ́ míì. Obìnrin náà délé, kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

Kótókú ní kó gbé ẹ̀rọ náà wá. Wáyà ló mọ̀, kò mọ kọ̀ǹpútà, àmọ́ ojú kì í tì í láti béèrè. Ó bi ẹni tó mọ̀, ó ń bà á jẹ́, ó ń tún un ṣe, títí tó fi mọ bí wọ́n ṣe ń kọ síkíríìpù, ìyẹn àwọn ìlà àṣẹ kéékèèké tí ẹ̀rọ máa ń tẹ̀ lé láìjanpata. Ó ní kó máa bi bátìrì léraléra pé ó ku mélòó. Tó bá ti wálẹ̀ dé ogún nínú ọgọ́rùn-ún, tí kò sì sí lórí iná, kó lu agogo. Agogo dún lóòótọ́, fáànù gbé e mì. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹjọ́ tètè parí lọ́jọ́ náà. Ló bá ní ohùn èèyàn ló kù. Ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń bá àbúrò rẹ̀ wí láti kékeré. Kò rántí pé adájọ́ náà létí.

Nígbà tí wọ́n pè é kó wá ṣàlàyé, adájọ́ ní òun ò sọ pé kí ẹ̀rọ má sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ láàárín àgbà, ṣé kì í kọ́kọ́ kí wọn ni? Ọ̀rọ̀ yìí dun Kótókú dé egungun, nítorí pé ilé ire ló ti jáde. Ó gba ohùn tuntun sílẹ̀, kò sì yọ ẹnikẹ́ni tó lè wà ní kóòtù sílẹ̀ nínú ìkíni. Àbúrò rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ẹ̀rọ má tètè máa sọ̀rọ̀ mọ́, ló bá sún un wálẹ̀ sí mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ bátìrì náà ti gbó. Tó bá ti wálẹ̀ kọjá mẹ́wàá, ṣe ló ń já lọ bí ike omi tí okùn rẹ̀ já sí kànga.

Ó wá di ọjọ́ tí ìyá arúgbó kan wá jẹ́rìí lórí ọ̀rọ̀ odi yẹn. Òun nìkan ló kù láyé tó mọ ibi tí ààlà wà. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti gbé e wá, ara rẹ̀ ò sì le, kò sẹ́ni tó lè ní kó tún padà wá. Ìyá sọ̀rọ̀ tán, akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ tán, ni ohùn Kótókú bá jáde, ó rọ̀ bí òwú: "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà."

Adájọ́ ní, "Ẹ ṣé o."

Ẹ̀rọ kí wọn kú iṣẹ́ ìlú, àwọn agbẹjọ́rò ní àwọn dúpẹ́. Ó kí wọn kú ooru, gbogbo ilé dáhùn. Ìyá arúgbó dáhùn tirẹ̀, ó tún béèrè pé àwọn ará ilé ńkọ́. Ẹ̀rọ kí ọlọ́pàá, ó kí ẹlẹ́rìí, ó kí àwọn tó dúró lẹ́yìn nítorí pé àga ò tó. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé, "Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni pé," ni ojú rẹ̀ ṣókùnkùn.

Akọ̀wé ò mọ bó ṣe délé. Ó gbé ẹ̀rọ síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti kí iṣẹ́ mi dànù."

Kótókú gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ki wáyà bọ ẹ̀rọ, ó ní kó jókòó. Ẹ̀rọ ń fà bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, nígbà tó sì là tán, ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó yọ, láti orí orúkọ rẹ̀ títí dé gbólóhùn tó sọ kẹ́yìn. Ẹyọ kan ò sọnù.

"Ta ló bá mi fi pamọ́?"

"Ẹ̀rọ ni. Àṣẹ tó ṣíwájú nínú gbogbo àṣẹ tí mo fún un nìyẹn. Tó o bá pàdé ẹni tó ru ẹrù, ṣé ìkíni lo máa kọ́kọ́ kí i? Wàá bá a sọ ẹrù kalẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà lẹ máa wá kíra yín."

Àbúrò rẹ̀ bi í pé ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn ìgbà tí ẹ̀rọ ti fi pamọ́ ńkọ́. Kótókú ní ta ló sọ nǹkan kan? Gbogbo wọn ń dáhùn ìkíni. Ó ní òun ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé kò sí ọmọlúàbí tí yóò máa ro ẹjọ́ nígbà tí wọ́n bá ń kí i. Irọ́ ni, kò rò ó rárá, àmọ́ ta ló fẹ́ bá a jiyàn lọ́jọ́ yẹn? Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ẹkún fi tún gbọ̀n ọ́n, ara rẹ̀ wá fúyẹ́. Ó jẹun àjẹyó lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ka ẹ̀rí ìyá arúgbó, ó ní ó dáa, kò sì tún sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ míì mọ́.

Kótókú ti lọ báyìí. Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ni, kò jìyà. Àárò rẹ̀ ń sọ àbúrò rẹ̀ gan-an. Kò sẹ́ni tó tún ń bá a wí mọ́, ohun tó sì ń dùn ún jù nìyẹn. Wọ́n ti fún un ní láptọ́ọ̀pù míì níbi iṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó, tó tẹ àwọn ìlà àṣẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣì í, ó ń tún un ṣe, títí ó fi ṣiṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bátìrì ẹ̀rọ tuntun náà tán, ó sì kú níbi tí akọ̀wé ti ń tẹ ẹjọ́ tí wọ́n ń dúró dè. Àwọn akọ̀wé yòókù káwọ́ lérí. Ó pa ẹ̀rọ náà dé jẹ́ẹ́jẹ́, ó mu omi. Wọ́n bi í pé kí ló fọkàn balẹ̀ sí.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ẹ̀."