Ọjọ́ Tí Mo Fẹ́ Gún Ara Mi Lábẹ́rẹ́

Bí wọ́n ṣe bí mi nìyí: bí ẹ̀jẹ̀ mi bá ti ń ṣàn, kì í tètè dá. Bí mo bá fi orúnkún gbá àga lásán, inú oríkèé ni ẹ̀jẹ̀ á máa dà sí, á sì wú bí ìkòkò.

Lẹ́yìn ọdún 1980 díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi tó wà nílùú òyìnbó fi oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ránṣẹ́. Ìyẹ̀fun ni, nínú ìgò kékeré, pẹ̀lú omi tí a óò fi pò ó. Lọ́jọ́ tí orúnkún mi tún wú, nọ́ọ̀sì kan wá sílé wa ní Ìgbẹ́ìn láti kọ́ wa bí a ṣe ń lò ó. Mo ti fọ́nnu fún ìyàwó mi pé èmi fúnra mi ni n ó gún un.

Mo da omi sí i, mo sì ń gbọn ìgò náà jìgìjìgì. Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ mi mú.

“Ẹ rọra, sà. Oògùn ikọ́ kọ́ nìyí. Bó bá yọ ìfófòó, agbára rẹ̀ á dín kù. Ẹ máa yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ yín.”

Nígbà tó na abẹ́rẹ́ sí mi, ojú mi ṣú. Abẹ́rẹ́ kò tíì kàn mí lára tí mo fi ṣubú. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹrù àdìrẹ ìyàwó mi tí mo bọ́ lé lórí, ǹ bá fi ìgbọ̀nwọ́ lu ilẹ̀, oríkèé tó wú ì bá sì di méjì.

Nọ́ọ̀sì kọjú sí ìyàwó mi. “Àǹtí, ẹ̀yin lẹ máa kọ́ bí a ṣe ń gún un.”

Ìyàwó mi máa ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà sára aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ó rí iṣan, ó sì rọra ti oògùn wọlé. Òun ló ń gún mi láti ìgbà náà. Tèmi ni kí n na apá, kí n sì kọjú sí ògiri.