Sáléńsà Tó Ń Dún Bíi Ti Ẹ̀gbọ́n Mi

Ìyá mi kì í dìde fún mi. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láti Mopa, tí mo gbé máṣíìnì mi sábẹ́ igi máńgòrò, orí àpótí tí wọ́n jókòó sí náà ni wọ́n á wà, wọ́n á ní, "Ìwọ nìyẹn?" Èmi náà á ní, "Èmi ni, Màmá." Ó parí nìyẹn. Màá wọlé, màá dáná, màá gúnyán, màá kán oògùn sí wọn lójú, nítorí ojú wọn ti ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá tó lọ sílé tèmi.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá ń bọ̀ láti Ògìdì, níbi tó ti ń dáko, a ti máa gbọ́ ọ láti òkèèrè. Sáléńsà tó wà lára máṣíìnì rẹ̀, páìpù tí èéfín ń gbà jáde, kì í ṣe èyí tó bá a wá. Ó ti yọ ìyẹn, ó fi òmíràn sí i, kúkúrú, ẹlẹ́nu gbàgàdà, tó ń dún bí ẹni ń fi ìbínú gún nǹkan lódó. Ariwo yẹn kò ní tíì kọjá ọjà tí Màmá á ti dìde. Wọn kì í wá ọ̀pá. Wọ́n á fọwọ́ tọ ara ògiri títí dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

"Ọkọ mi, òkun o! Bàbá mi, òkun!"

Bí wọ́n bá ti fi òkun, ìkíni ilẹ̀ wa, kí i tán, wọ́n á fọwọ́ pa á lórí, wọ́n á fọwọ́ wá èjìká rẹ̀, wọ́n á tọ apá rẹ̀ títí dé ìka. Èmi á wà nídìí ààrò, èéfín á máa ta mí lójú, inú mi á sì máa hó ju omi iyán tí mo gbé kaná lọ. Ta ló ń fọ aṣọ wọn? Ta ló ń gbé wọn lọ sílé ìwòsàn? Bí aládùúgbò bá fún wọn lẹ́ran ìgbẹ́, wọ́n á ní kí n yan án gbẹ, kí n tọ́jú rẹ̀ de ọkọ àwọn. Èmi ni mo ń yan ẹran tí ẹlòmíràn ń jẹ.

Nígbà tó yá, sáléńsà tèmi dípẹtà, ó sì lu. Mo gbé máṣíìnì lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó ń tún un ṣe fún mi, ọkùnrin àgbàlagbà kan tí ìsọ̀ rẹ̀ wà létí ọ̀nà tó lọ sí Mopa. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka ro ojú ihò náà.

"Nọ́ọ̀sì, eléyìí ti kú. Bí mo bá jó o pọ̀, kò ní pẹ́ tí á tún fi lu. Ẹ jẹ́ ká ra òmíràn."

A rìn dé ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta pàátì máṣíìnì, wọ́n sì kó mẹ́ta sílẹ̀ fún wa. Èkíní sanra, ó dúdú, ó jọ èyí tí mo ń lò tẹ́lẹ̀. Èkejì jẹ́ tòkunbọ̀, ó gùn, ó ń dán. Ẹ̀kẹta kúrú, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu ife. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó fọwọ́ kàn án.

Mẹkáníìkì gbé èyí tó sanra. "Àwọn ògiri kéékèèké wà nínú èyí. Ariwo á máa lù mọ́ wọn títí á fi rẹ̀ ẹ́ kó tó jáde. Òun ló bá yín mu."

"Ẹ̀kẹta yẹn ńkọ́?"

"Ìyẹn? Kò sí ògiri kankan nínú rẹ̀. Tàwọn ọmọkùnrin ni."

"Ẹ bá mi fi sí i, kí n gbọ́ ohùn rẹ̀."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó dè é mọ́ ọn, ó tẹ máṣíìnì. Àwọn adìẹ tó ń jẹ̀ nítòsí túká. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ló jáde. Orí mi wú. Mo rí Màmá lójú ọkàn mi bí wọ́n ṣe ń tọ ara ògiri bọ̀, tí ọwọ́ wọn méjèèjì wà níwájú, tó sì jẹ́ pé èmi ni wọ́n nà án sí.

"Èyí ni mo fẹ́."

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọkọ yín mọ̀ sí i?"

"Lọ́kọ́jà lọkọ mi wà. Ẹ bá mi dè é kó le dáadáa."

Ilẹ̀ kò tíì ṣú nígbà tí mo kọjá ọjà. Àwọn tó mọ̀ mí ń bojú wẹ̀yìn, àwọn ọlọ́kadà ń hó lé mi. Mi ò wo ẹnikẹ́ni. Bí mo ṣe ya sí àdúgbò wa ni mo rí Màmá. Wọ́n ti dìde! Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà! Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé láti fọwọ́ sí búréèkì.

"Ọkọ mi, òkun o!"

Mo pa máṣíìnì. Mo kàn rìn lọ bá wọn. Ọwọ́ wọn bà lé orí mi, ó gbóná, ó sì rọ̀. Ìka wọn kan irun tí mo dì, wọ́n sì dúró gbagidi.

"Ta nìyí?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ìwọ? Ẹ̀gbọ́n rẹ dà?"

"Ó wà ní Ògìdì."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ lo gun máṣíìnì rẹ̀ wálé?"

Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti di òpó ilẹ̀kùn mú, wọ́n sì ń yọ́ lọ sílẹ̀. "Ó ti kú! Ẹ fẹ́ fi pamọ́ fún mi! Ọmọ mi ti kú!"

Àwọn ará ilé kejì sáré dé. Mo ń pariwo pé máṣíìnì mi ni, pé sáléńsà ni mo pààrọ̀, wọn ò gbọ́. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, kò lọ. Mo tún pè é, kò lọ. Nígbà tó gbé e níkẹyìn, iṣu sísun ló ń jẹ lẹ́nu.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá Màmá sọ̀rọ̀."

Mo gbé fóònù sí wọn létí. Wọ́n ní kó máa sọ̀rọ̀ lọ, kó má dákẹ́. Wọ́n bi í ní ohun tó jẹ láàárọ̀, wọ́n bi í nípa apá rẹ̀, wọ́n ní kó dárúkọ ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀ lóko. Kí wọ́n tó dá fóònù padà fún mi, aṣọ wọn ti tutù fún òógùn.

Mo bá wọn jókòó sílẹ̀. Wọn ò bínú. Wọ́n ní, "Ìgbà tó ṣubú lórí nǹkan yẹn lẹ́bàá afárá, tí wọ́n gbé e wálé tí apá rẹ̀ ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀, ìwọ wà nílé ìwé. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti gbọ́ ariwo rẹ̀, àyà mi á já. Mo máa ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò ni, bóyá ó ṣì pé."

"Èmi ńkọ́, Màmá? Èmi náà ń gun máṣíìnì lójoojúmọ́. Ọ̀nà Mopa ò sàn ju ti Ògìdì lọ."

"Ìwọ?" Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìwọ ò lè ṣubú."

Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé ilẹ̀ á mọ́ lọ́la. Mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn máa pa owú mi. Àfi bí ẹni da epo sí i. Tẹ́lẹ̀, mò ń jowú ẹ̀gbọ́n mi nítorí ìfẹ́ tí Màmá ní sí i. Ní báyìí, ẹ̀rù tó ń bà wọ́n nítorí rẹ̀ ni mò ń jowú.

Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí mẹkáníìkì yọ ẹlẹ́nu gbàgàdà, kó fi èyí tó sanra sí i. Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbọ́n mi dé, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Àbúrò mi, fún mi ní sáléńsà yẹn. Tèmi ti ń gbó."

"Mi ò lè fún yín, Bọ̀ọ̀dá."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Kò sí nǹkan tí mo fẹ́ fi ṣe. Mi ò kàn ní fún yín ni."

Kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó sì bọ́ sí ìta.

Láìpẹ́ sígbà náà, òjò ńlá ká mi mọ́ Mopa, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mi ò sì lè ránṣẹ́ sílé. Nígbà tí mo dé, tí omi ń ro lára mi, iyàwó ilé kejì ló jáde wá pàdé mi. Ó ní òun ti fún Màmá lóúnjẹ. Ó ní òun bi wọ́n pé ṣé ọkàn wọn balẹ̀ pẹ̀lú irú òjò yìí, wọ́n sì dá òun lóhùn pé, "Èyí? Á dé." Mo yọjú wo inú yàrá. Wọ́n ti sùn, wọ́n ń hanrun, ojú wọn tutù bí ojú ọmọ tó yó.