Ọ̀nà Yoko, Ìgbà Méjì

Ìbò tí wọ́n jí gbé ní Sakété nígbà ìdìbò tó kọjá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ti sọ ọ́ di Ìjà Ràímì. Àwòrán rẹ̀ ló kún fóònù yín, bí ẹni pé òun nìkan ló lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ń dùn mí, n kò ní purọ́.

Kíláàsì kẹta ni ilé ìwé ti fi mí sílẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ sọ pé ìtàn ìlú dà bí ọjà ọrọọrún: olè tí ẹ rí lónìí, ẹ óò tún bá a ní ìsọ̀ kan náà. Ràímì, ọmọ oníṣòwò aṣọ, ló gbà á lẹ́nu mi tó fi ń ṣe ọlọ́gbọ́n.

Nígbà tí eyín àwa méjèèjì ṣì pé, wọ́n ti gbé àpótí ìbò wa lọ rí. A ta màrìwò dí ọ̀nà ńlá Pobè. Ta ni yóò kọjá màrìwò? Ọkọ̀ tó gbé àpótí náà kò tilẹ̀ débẹ̀. Ọ̀nà oko Yoko ló gbà. Èmi nìkan ló rí i. Mo lé e títí òjìji mi fi jókòó sídìí ọ̀pẹ, ó ní ó rẹ òun. Ojú tì mí. Mo délé, mo ní ọkọ̀ pòórá.

Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀ yìí, Ràímì tún ta màrìwò sójú ọ̀nà ńlá kan náà, èrò lẹ́yìn rẹ̀ bí eṣú. Ó rí mi, ó fi ìlú tí mo ti wá pè mí:

"Ará Pobè! Wá di etí màrìwò kan mú. Àbí èyí náà á pòórá?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́bìnrin kan kúnlẹ̀: "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ti rí irú èyí rí. Ṣé ọ̀nà mìíràn wà?"

Yoko ti dé ètè mi. Mo rí i tí wọ́n ń gbé Ràímì sọ́rùn.

"Ẹ bi Ràímì. Ṣebí òun ló mọ̀tàn."

Ọkọ̀ gba Yoko. Ìbò lọ.

A jèrè díẹ̀: ẹ ti mọ bí a ṣe ń dúró láì sá. A pàdánù ẹni tí a yàn. Àwọn alákọ̀wé ní ìtàn ló padà wá. Irọ́ ni. Ìtàn kò mọ ọ̀nà Yoko, èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Gbèsè ẹnu ni mo jẹ yín, mo sì ti san án báyìí.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìdìbò mìíràn ń bọ̀: ẹ lọ dí Yoko. Bí ẹ bá dí i tán, ẹ fi orúkọ mi pe ibẹ̀. Ti Ràímì ti tó o.