Omi Tí Bàbá Kò Jẹ́ Kí A Dà Nù

Télọ̀ ni bàbá mi. Ogójì ọdún ni wọ́n ti ń rán ṣòkòtò, eruku aṣọ ni wọ́n sì ń mí sínú. Ikọ́ ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì níbi tó jìnnà, ra ẹ̀rọ méjì sí yàrá wọn. Ọ̀kan ń tu omi jáde bí oru kí afẹ́fẹ́ má gbẹ jù. Èkejì ń fa eruku inú afẹ́fẹ́ mọ́ra.

Ìyá mi ló ń tọ́jú méjèèjì. Oṣù kẹta rèé tí a ti sin Màámi. N ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, bàbá ní àwọn ni yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, mo rí i pé wọ́n ti rán ẹ̀wù fún ẹ̀rọ tó ń fa eruku. Ẹ̀wù gidi, ó ní láínìn, ó ní bọ́tìnnì mẹ́ta. Gbogbo télọ̀ ló ń bo ẹ̀rọ ìránṣọ kí eruku má wọ̀ ọ́. Mo ní, Bàbá, eruku gan-an ni oúnjẹ èyí. Wọ́n ní ṣé èmi tó ń fọ mọ́tò ni mo fẹ́ kọ́ àwọn ní ìtọ́jú ẹ̀rọ. Ó ń kùn lábẹ́ ẹ̀wù bí ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bò lẹ́nu. Ìgbà tó gbóná débi pé láínìn ń rùn ni wọ́n tó bọ́ ọ. Wọn ò sọ pé mo jàre. Wọ́n ní aṣọ náà ló nípọn jù.

Ti omi ló wá le jù. Wọ́n ń bomi lé omi. Wọn ò dà á nù, wọn ò fọ ike rẹ̀. Wọ́n tún kán lọ́fínńdà sí i, kó lè máa ta sánsán. Kò pẹ́, inú ike ń yọ̀ bí ara ẹja, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ bu dúdú. Ikọ́ ń pọ̀ sí i. Mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ẹ̀gbọ́n mi pè lórí fóònù, ó ṣàlàyé pé ohun tó ń hù nínú omi yẹn ni ẹ̀rọ ń fẹ́ sí wọn nímú, pé tí wọn ò bá ṣíwọ́, ilé ìwòsàn ló máa já sí. Bàbá ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n bu omi kún un.

Mo ní kí n gbé e sá. Wọ́n ká mi mọ́ ọn. Wọ́n gbá ike náà mọ́ àyà, ikọ́ sì gbé wọn débi pé wọn ò lè dìde.

"Omi tí ìyá rẹ bù kẹ́yìn ló wà nísàlẹ̀ níbẹ̀," wọ́n ní. "Mo kàn ń fi kún un ni. Tí o bá dà á nù, kí ló kù?"

Mo jókòó sílẹ̀.

"Bàbá, àràárọ̀ ni Màámi ń da omi yẹn nù. Ẹ̀yin náà mọ̀. Nítorí ikọ́ yín ni. Ká ní wọ́n wà, omi yìí ò ní di ọ̀la."

Wọ́n wò mí. Wọ́n fọwọ́ ara wọn yọ wáyà lára iná, wọ́n gbé ike náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń dà á nù díẹ̀díẹ̀. N ò bá wọn gbé e. Wọ́n fi fínígà, omi kíkan, fọ̀ ọ́, wọ́n ṣàn án, wọ́n nù ún gbẹ. Wọ́n ní kí n lọ se omi mìíràn, kí n jẹ́ kó tutù dáadáa, kí n yé dúró síbẹ̀ bí àlejò.

Mo lọ. Wọ́n ṣì wúkọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó gba ọ̀sẹ̀ méjì kí àyà wọn tó dákẹ́.